Ta ló ń san owó iná lábù? Àlàyé lórí ìdá 15 nínú 100 tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ owó ìwádìí ní Amẹ́ríkà kò tíì rọlẹ̀. Tí ẹ bá wà lórí WhatsApp àwọn òbí tó lọ́mọ ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún, ẹ ó ti rí i lóríṣiríṣi. Ẹnìkan á ní ìjọba Trump ti gé owó ìwádìí kù sí ìdá 15 nínú 100. Ẹlòmíì á fèsì pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Harvard ló ń kó ìdá 69 nínú owó tó yẹ kí wọ́n fi wá oògùn àrùn sápò ara wọn. Ẹnì kẹta á dé, á ní kóòtù ti fagi lé gbogbo rẹ̀, kí oníkálukú lọ sùn. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni ìṣirò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

NIH ni ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín, òun ló sì ń ná owó ìjọba sórí ìwádìí ìlera jù lọ láyé. Ó ní àwọn lábù tirẹ̀ ní Bethesda, nítòsí Washington, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ kì í dúró síbẹ̀. Àwọn yunifásítì, ilé ìwòsàn ńláńlá àti àwọn ilé ìwádìí ló ń gbà á. Ní ọdún ìnáwó 2023, owó tó pín síta báyìí lé ní bílíọ̀nù 35 dọ́là. Iṣẹ́ ìwádìí tó pín in fún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000, ní ibi tó lé ní 2,500.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2025, NIH gbé ìkéde kan jáde. Ó ní láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù náà, owó àmójútó tí òun yóò máa san lé iṣẹ́ ìwádìí kò ní ju ìdá 15 nínú 100 lọ, yunifásítì yòówù tí wọn ì báà ti máa ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ tuntun nìkan ló bá wí. Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ náà wà nínú rẹ̀. Yunifásítì tó ti bá ìjọba ṣe àdéhùn ìdá 60 lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó ti fi kọ́lé, tó ti fi gba òṣìṣẹ́, ìdá 15 ni yóò máa gbà láti ọjọ́ Ajé. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ló wà láàárín.

Kí ni wọ́n ń pè ní owó àmójútó?

Ọ̀nà méjì ni owó ìwádìí pín sí. Àkọ́kọ́ ni owó iṣẹ́ gan-an: owó oṣù àwọn tó ń ṣe ìwádìí, kẹ́míkà, eku inú àgò, ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ lọ sí ìpàdé. Ẹ lè na ìka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ sọ pé iṣẹ́ lágbájá ló lò ó. Èkejì ni ohun tí gbogbo iṣẹ́ jọ ń lò, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé tòun nìkan ni. Indirect cost lorúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Owó àmójútó la ó máa pè é níbí.

Ẹ wo télọ̀ àdúgbò yín. Tí ẹ bá gbé ankara lọ fún un, ó mọ òwú tí yóò lò, ó mọ iye síìpù, ó mọ iye bọ́tìnì. Ó lè kọ gbogbo rẹ̀ sí orúkọ yín. Ṣùgbọ́n epo tó rọ sí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọmọṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ tó bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, aṣọ ta ni kó kà wọ́n sí? Bí kò bá fi díẹ̀díẹ̀ lé owó aṣọ kọ̀ọ̀kan, yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ọdún tó yí po.

Bí lábù ṣe rí náà nìyẹn, àmọ́ ohun tó ń jẹ owó yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ní lábù kẹ́mísìrì, inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n ti ń po kẹ́míkà, fáànù sì ń fa èéfín rẹ̀ gba orí òrùlé jáde tọ̀sán-tòru. Afẹ́fẹ́ tí fáànù yìí ń fà síta, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sanwó kó tó tutù tàbí kó tó gbóná ni. Àwọn oní-físíìsì ní mágínẹ́ẹ̀tì ńláńlá tó ń mu helium olómi, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí sì ní yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọdọ̀ kú níbẹ̀ fún wákàtí kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ẹranko, òfin ní kí dókítà ẹranko wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó, kó ka ìwé ìwádìí náà, kó sì gbà pé kò ní ṣe ẹni náà léṣe.

Fìríìsà ni mo fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí òun ló yé wa jù. Èyí tí lábù ìmọ̀ ẹ̀dá ń lò kì í ṣe irú ti ẹlẹ́ja. Ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo ló máa ń wà. Ó ga tó èèyàn, ilẹ̀kùn kékeré mẹ́rin tàbí márùn-ún sì tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńlá. Tí wọ́n bá ṣí i, èéfín funfun á rọ́ sílẹ̀, yìnyín á ti dì mọ́ etí àwọn páálí. Inú páálí kọ̀ọ̀kan ni ìgò róbà wẹ́wẹ́ tí kò gùn ju oríkèé ìka lọ wà, ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó ti kú, kòkòrò àrùn tí wọ́n mú lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, nǹkan tí owó kò lè rà padà. Iná tí fìríìsà bẹ́ẹ̀ kan ń jẹ lójúmọ́ lè tó ti ilé ìdílé kan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lóru, aago á dún, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹni tó bá ti pàdánù ẹran Iléyá rí nígbà tí NEPA mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Owó iná fìríìsà náà, owó jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, owó ẹni tí aago jí lóru, inú owó àmójútó ni wọ́n ti ń wá.

Ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nínú ètò yìí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ìdá kan náà ni wọ́n ń gbà lórí gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tó ń lọ nínú ọgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò tí ohun tó ń lò kò ju bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì lọ, àti ẹni tó ń bọ́ eku ẹgbẹ̀rún, iye kan náà ni wọ́n ń fi lé tiwọn. Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà kì í gbàgbé èyí.

Ṣé òótọ́ ni pé Harvard ń mú ìdá 69 nínú owó ìwádìí?

Rárá o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣubú nìyí.

NIH fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn nọ́ńbà náà sórí X lọ́jọ́ tí ìkéde jáde: Harvard 69, Yale 67.5, Johns Hopkins 63.7. Àwọn nọ́ńbà náà tọ́. Ohun tí ojú kò tètè rí ni pé kì í ṣe inú àpapọ̀ owó ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Orí owó iṣẹ́ ni wọ́n ń fi í lé, bí wọ́n ṣe ń fi VAT lé owó ọjà. Kì í sì í ṣe orí gbogbo owó iṣẹ́ pàápàá. Ẹ̀rọ olówó ńlá kò sí nínú rẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n bá pín fún yunifásítì mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí bébà. Ká sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Harvard gba owó iṣẹ́ 250,000 dọ́là lọ́dún. Ká sọ pé 50,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ẹ̀rọ àti owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó ku 200,000. Ìdá 69 nínú 100 lórí ìyẹn jẹ́ 138,000. Nítorí náà, 388,000 ni NIH yóò san lápapọ̀. Ẹ wá pín 138,000 sí 388,000: ó lé díẹ̀ ní ìdá 35 nínú 100. Ìyẹn ni owó àmójútó. Kì í ṣe 69.

Nísinsìnyí, ẹ fi ìdá 15 ṣe é. 138,000 á di 30,000. Owó iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò yingin, 250,000 rẹ̀ ṣì pé. Nítorí náà, ẹni tó ní wọ́n gé owó ìwádìí kù sí ìdá 15 kò rí i bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n 108,000 dọ́là ti pòórá nínú owó tí yunifásítì fi ń tan iná yàrá tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń lò, lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, lọ́dún kan ṣoṣo. Yunifásítì ńlá kan sì lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tí a bá wo gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, nínú bílíọ̀nù 35 dọ́là ọdún 2023, nǹkan bíi bílíọ̀nù 9 ló bá owó àmójútó lọ. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. NIH ní òdiwọ̀n tuntun náà yóò mú owó tó lé ní bílíọ̀nù 4 kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún.

Ta ló ń pinnu ìdá tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń gbà?

Ìdúnàádúrà ni. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn oníṣirò owó yunifásítì á jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n á ti lọ wọn yàrá ní kọ̀ọ̀kan: báwo ló ṣe fẹ̀ tó, ta ló ń lò ó, ṣé ìwádìí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tàbí wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé, ìdá mélòó nínú àkókò ni ti ìwádìí. Wọ́n á kó bíìlì iná àti owó àtúnṣe ilé jọ. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde ni ìjọba yóò fọwọ́ sí. Ìdí nìyí tí iye náà kì í fi í bára mu: ilé tó wà ní àárín ìlú Boston àti èyí tó wà lábúlé kì í ná owó kan náà.

Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni ètò náà ti ṣẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà nílò ohun ìjà àti ẹ̀rọ radar kíákíá, kò sì sáyè láti máa kọ́ lábù tuntun. Ó bá yunifásítì ṣe àdéhùn: ẹ bá wa ṣe é nínú ilé yín, a ó sanwó iṣẹ́, a ó sì sanwó ilé. MIT ni radar ti dàgbà, abẹ́ pápá ìṣeré yunifásítì Chicago sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú kí agbára inú átọ́ọ̀mù máa ran ara rẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942. Nígbà tí ogun parí, Vannevar Bush, ẹni tó darí iṣẹ́ ìwádìí ìjọba nígbà ogun náà, kọ ìwé sí ààrẹ ní 1945 pé kí ìjọba má ṣe dá iṣẹ́ yìí dúró, kí yunifásítì máa bá a lọ. Bí àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe ń kọ́ ilé ìwádìí tiwọn, Amẹ́ríkà yan láti máa yá ilé onílé lò.

Níbẹ̀rẹ̀, òdiwọ̀n wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò ju ìdá 20 lọ lórí owó ìwádìí ìlera. Nígbà tó di àárín ọdún mẹ́wàá yẹn ni wọ́n yọ òdiwọ̀n náà, tí ìdúnàádúrà sì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ti Stanford ṣẹlẹ̀. Ní 1990 sí 1991, àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba ṣí ìwé owó àmójútó yunifásítì náà, wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n bá owó òdòdó àti owó ohun ọ̀ṣọ́ ilé ààrẹ yunifásítì náà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé aṣòfin pè wọ́n, tẹlifíṣọ̀n gbé e. Donald Kennedy, tó jẹ́ ààrẹ yunifásítì náà, kéde lọ́dún 1991 pé òun yóò fi ipò sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ẹjọ́ náà ní 1994, ìjọba kò rí jìbìtì kankan, Stanford sì dá mílíọ̀nù 1.2 dọ́là padà. Iye tó kéré ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi yẹn kò kúrò lẹ́nu àwọn aṣòfin títí di òní. Òun náà ló bí òfin tó ní apá tó jẹ́ ti ọ́fíìsì àti àkọsílẹ̀ nínú owó àmójútó yunifásítì kò gbọdọ̀ ju ìdá 26 lọ. Láti 1991 ni òfin yẹn ti wà. Nítorí náà, tí ẹ bá rí yunifásítì tó ń gba 60, ó kéré tán 34 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ilé, iná, ẹ̀rọ àti ilé ìkàwé.

Kí ni ìjọba ń sọ, kí sì ni àwọn yunifásítì ń sọ?

Ìjọba ní ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Àjọ Gates kì í fún yunifásítì ju ìdá 10 lọ fún owó àmójútó, ọ̀pọ̀ àjọ aláàánú mìíràn kì í sì í kọjá 15. Bí yunifásítì bá lè gba owó Gates láìkùn, kí ló dé tí ẹni tó ń san owó orí yóò fi san ìlọ́po mẹ́rin? Wọ́n tún na ìka sí owó ìpamọ́ Harvard, tó lé ní bílíọ̀nù 53 dọ́là. Jay Bhattacharya, tó di olórí NIH lẹ́yìn ìkéde náà, tó sì ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford tẹ́lẹ̀, fi ẹ̀sùn mìíràn kún un: ètò yìí ń kó owó jọ sí ojú kan. Ẹni tó ti ní ilé ńlá ló ń gba owó ilé, ló ń fi kọ́ òmíràn, ló tún ń fi èyí gba owó sí i, nígbà tí yunifásítì tó wà ní ìpínlẹ̀ tí kò lókìkí ń wòran.

Àwọn yunifásítì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi owó Gates wé owó ìjọba. Àjọ aláàánú máa ń gbà kí wọ́n ka àwọn nǹkan kan sí owó iṣẹ́, irú bíi owó ìlò yàrá, tí ìjọba kò ní gbà láéláé. Wọ́n ní àwọn gba owó kékeré náà nítorí pé owó ìjọba ti gbé òrùlé ró. Ní ti owó ìpamọ́, wọ́n ní ẹni tó fi owó sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orin ti kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kò lè fi ra fìríìsà. Wọ́n tún ní àwọn ń fi tọwọ́ àwọn kún un: nínú gbogbo owó tí yunifásítì Amẹ́ríkà ń ná sórí ìwádìí lọ́dún, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń ti àpò wọn wá.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú lásán ni. Yunifásítì Alabama tó wà ní Birmingham ló gba òṣìṣẹ́ jù lọ ní ìpínlẹ̀ Alabama, owó NIH sì wà lára ohun tó gbé e ró. Kíá ni Katie Britt, sẹ́nétọ̀ Alabama nínú ẹgbẹ́ Trump, sọ pé kí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe é. Susan Collins ti Maine, ẹgbẹ́ kan náà, ta ko ó ní gbangba.

Àwọn kan wà láàárín. Láti àárín ọdún 2025 ni ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì àti ilé ìwòsàn ti gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní FAIR síwájú ilé aṣòfin. Nínú rẹ̀, kò ní sí ìdá kan fún gbogbo ọgbà mọ́. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ka ohun tó lò gan-an sílẹ̀: iná tìẹ, yàrá tìẹ, ìgbìmọ̀ tìẹ. Onímọ̀ ìṣirò á san ti bọ́ọ̀dù, eleku á san ti eku. Ohun tí àwọn aṣòdì ń sọ sí i ni pé bébà tí wọn yóò máa kọ yóò pọ̀ sí i.

Ibo ni kóòtù bá a dé?

Lọ́jọ́ Ajé tí ìkéde náà yẹ kó gbéra gan-an, ìpínlẹ̀ 22 ti wà ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Boston. Ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì àti ti ilé ìwòsàn náà gbé ẹjọ́ tiwọn wá. Adájọ́ Angel Kelley dá ìkéde náà dúró lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ó fa ìdádúró náà gùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ó sọ ọ́ di ìdájọ́ pátápátá, kí ìjọba lè tètè rí ọ̀nà pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2026, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Boston fọwọ́ sí ìdájọ́ rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìdí tí kóòtù fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé ìdá 15 kéré, kò sì sọ pé ó tó. Ní 2017, nígbà ìjọba Trump àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn kan wá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ìdá 10. Ilé aṣòfin kọ̀. Láti 2018 ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́ sínú òfin ìnáwó lọ́dọọdún pé NIH kò gbọdọ̀ dá yí bí wọ́n ṣe ń san owó yìí padà. Òfin yẹn ni kóòtù dì mú. Bí ilé aṣòfin bá yí i padà lọ́la, ìdájọ́ náà kò ní ohun tó máa gún lé mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sórí ìlera nìkan. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí agbára iná, tó ń sanwó fún lábù físíìsì àti kẹ́mísìrì, kéde ìdá 15 tirẹ̀. NSF, tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ sáyẹ́ǹsì gbogbogbòò láti ìṣirò dé ìmọ̀ ìràwọ̀, tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún. Ilé-iṣẹ́ ààbò náà wọlé. Àwọn adájọ́ ní Boston dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní bí àwọn méjì tó ń bèèrè owó bá dọ́gba, kí wọ́n kọjú sí ẹni tí owó àmójútó rẹ̀ kéré. Ẹni tó ní ó ti parí yára jù.

Ṣé èyí náà ni ti Harvard tí wọ́n dá owó rẹ̀ dúró?

Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kẹrin 2025, ìjọba dá owó tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là dúró lọ́wọ́ Harvard nítorí ẹ̀sùn ìkórìíra àwọn Júù nínú ọgbà, àti nítorí pé yunifásítì náà kọ̀ láti gba àwọn ohun tí ìjọba là sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́. Adájọ́ Allison Burroughs dájọ́ ní oṣù Kẹsàn-án pé kò bófin mu. Ọ̀tọ̀ tún ni àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fagi lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí ohun tí wọ́n ń wádìí. Ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi wọnú ara ni pé àkókò kan náà ni wọ́n ń ṣẹlẹ̀, àwọn yunifásítì kan náà ló sì ń sunkún. Ìfòyà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ṣáájú kóòtù: ní oṣù Kẹta 2025, UMass Chan, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Massachusetts, gba lẹ́tà ìgbàwọlé PhD padà lọ́wọ́ àwọn tó ti fún, ó ní òun kò mọ bí owó yóò ṣe rí. Òdiwọ̀n tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún odindi ọjọ́ kan nìyẹn.

Kí ló kan Ìbàdàn àti Ẹdẹ nínú rẹ̀?

Ó kàn wọ́n ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ní Camden, New Jersey, ilé ìwádìí Coriell ní fìríìsà tí sẹ́ẹ̀lì àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti yàwòrán bí àbùdá ọmọ èèyàn ṣe yàtọ̀ síra, tí wọ́n ń pè ní HapMap, ló gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn: 90 èèyàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kan. YRI ni àmì wọn. Ọmọ Korea tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù California, tí kò mọ ibi tí Mọ́kọ́lá wà, ń kọ YRI sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni kọ orúkọ aládùúgbò.

Ṣáájú ìyẹn, láti 1992, yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì Indiana jọ ń tọ àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn ní Ìdíkàn àti ní Indianapolis, pẹ̀lú owó NIH, láti mọ ibi tí àrùn ìgbàgbé ti wọ́pọ̀ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Èsì tó jáde ní 2001 ṣì ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu: lọ́dún, nínú 100 àgbàlagbà Ìdíkàn, àrùn Alzheimer, oríṣi àrùn ìgbàgbé kan, ń mú ẹni tó lé díẹ̀ ní ọ̀kan, láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis, ó lé ní méjì àtààbọ̀. Ní Ẹdẹ, lábù ACEGID tó wà ní yunifásítì Redeemer's, tí owó NIH wà lára ohun tó gbé e dìde, ka àbùdá kòkòrò Kòrónà láti ara aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé nílé mọ̀ ni pé láti ọjọ́ pípẹ́, ìdá 8 péré ni NIH ń san fún owó àmójútó lábù ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí Boston ń wọ́ ara wọn lọ sí kóòtù nítorí 15, Ìbàdàn ti ń fi 8 ra dísù.

Èyí tó bá wa jà gan-an ni ìkéde mìíràn, ti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2025. Ọ̀pọ̀ ìgbà, yunifásítì Amẹ́ríkà ló ń gba owó, tí yóò sì bu díẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà. NIH ní òun kò ní fọwọ́ sí irú bíbu bẹ́ẹ̀ mọ́, yálà tuntun tàbí àtúnṣe ti àtẹ̀yìnwá, títí òun yóò fi gbé ètò kalẹ̀ tí owó yóò máa gba ọ̀dọ̀ òun lọ tààrà, kí òun lè mọ ibi tó wọlé sí. Kóòtù kò dá ìyẹn dúró ní tiẹ̀.

Ọmọ mi ti gba àdímíṣọ̀n PhD. Kí ni kó bèèrè?

Ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì lọ́hùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ PhD kì í sábà san owó ilé-ẹ̀kọ́. Owó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń san án, òun náà ló ń fún un lówó oúnjẹ. Nítorí náà, kó bèèrè pé ọdún mélòó ni ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà, àti pé lẹ́yìn ìyẹn, owó ta ni yóò máa jẹ. Kó bèèrè ọdún tí owó náà yóò parí.

Kò sì ní láti gba ẹnu wọn nìkan gbọ́. NIH ní ojúlé kan tó ń jẹ́ RePORTER, ọ̀fẹ́ ni, kò ní kó forúkọ sílẹ̀. Tó bá tẹ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà síbẹ̀, gbogbo owó tó ń gbà lọ́wọ́ NIH á jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kó sún un sísàlẹ̀ díẹ̀. Yóò rí i tí wọ́n pín owó ọdún náà sí méjì: iye tó jẹ́ ti iṣẹ́, àti iye tó jẹ́ ti àmójútó.